Àbùlẹ̀ èrìgì: èyí tó wọ́n jù kọ́ ló dára jù

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn ìyá tó ń ta gàrí àti àgbàdo lọ́jà Kétu, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Eyín mi mà ń gùn o." Òmíràn á ní omi tútù ò ṣeé mu mọ́, pé bó bá ti kan eyín òun báyìí, ṣe ló máa ń ta òun dé àgbárí. Ẹ̀yin ènìyàn wa, eyín àgbàlagbà kì í dédé gùn. Èrìgì tó bo ìdí eyín ló ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí gbòǹgbò tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹran fi bọ́ síta. Gbòǹgbò yẹn ò ní èèpo líle tó funfun bíi ti orí eyín, ìdí nìyẹn tí tútù àti gbígbóná fi ń wọ̀ ọ́ lọ tààrà.

Ohun tó mú wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti ìgbà tí fóònù ti wọ ọwọ́ tolórí tẹlẹ́mù, àwọn ènìyàn wa ti ń rí fídíò níbi tí dókítà eyín ti ń lẹ ẹran mọ́ èrìgì, tí eyín tó gùn sì ń padà di kúkúrú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu, Èkó àti Faransé náà ń fi ohùn ránṣẹ́ sílé. Ẹnìkan á ní awọ òkú ni wọ́n ń lò. Ẹlòmíràn á ní rárá, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹlòmíràn tún ní èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ló dára jù, kí ìyá yára lọ gba owó àjọ rẹ̀ kó máa bọ̀.

Tiwa ni pé kí ìyá náà ní sùúrù ná. Nínú gbogbo ohun tí àwọn dókítà ń lẹ̀ mọ́ èrìgì, èyí tí wọ́n bù nínú ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ìwádìí ṣì ń gbé síwájú. Ilé iṣẹ́ kankan kì í tà á. Èkejì ni pé àbùlẹ̀ kankan, ìbáà jẹ́ èyí tó wọ́n bíi wúrà, kò ní pẹ́ lẹ́nu tí ìdọ̀tí ti di òkúta sí ìdí eyín.

Àbùlẹ̀ la pè é nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: wọ́n bù ú níbìkan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Ibi tí wọ́n ti máa ń bù ú ni àjà ẹnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín òkè. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ti ń ṣe é. Nígbà yẹn, wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, wọ́n á bó awọ fẹ́lẹ́ kan kúrò ní àjà ẹnu, wọ́n á sì rán an mọ́ iwájú eyín tó ṣí sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń mú kí èrìgì nípọn, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti bó awọ máa ń rí bí ọgbẹ́ iná fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ náà sì máa ń funfun ju èrìgì tó yí i ká lọ, bíi rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ táyà kẹ̀kẹ́.

Lọ́dún 1985 ni tọkọtaya Langer ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn tí gbogbo ayé wá ń tẹ̀ lé. Wọn kì í bó awọ òkè mọ́. Wọ́n á la awọ àjà ẹnu bí ẹni ṣí ìdérí àpò, wọ́n á yọ ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá awọ náà padà, kí wọ́n rán an. Ẹran tí wọ́n yọ yìí, tí kò nípọn ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, ni wọ́n á tẹ́ sórí gbòǹgbò eyín, wọ́n á wá fa èrìgì tó wà nítòsí bò ó mọ́lẹ̀. Ọgbẹ́ àjà ẹnu á kéré, àwọ̀ á sì bá ti èrìgì mu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí pé ẹni tó bá yé bí àbùlẹ̀ ṣe ń gbé kò ní sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Gbòǹgbò eyín ò ní ẹ̀jẹ̀ lórí, ó dà bí àpáta. Ẹni tó bá lọ́ irúgbìn sórí àpáta mọ̀ pé àfi kí gbòǹgbò irúgbìn náà rí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè yè. Bákan náà ni àbùlẹ̀ èrìgì. Etí rẹ̀ ọ̀tún àti òsì ló ti ń mu ẹ̀jẹ̀, àti láti ara èrìgì tí wọ́n fà bò ó. Ìdí rèé tí ọ̀nà ọdún 1985 fi dára ju ti àtijọ́ lọ: ẹran náà wà láàárín, ó ń jẹ lókè, ó ń jẹ nísàlẹ̀.

Òun náà ló fà á tí àbùlẹ̀ kì í fi í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹran àti egungun tó wà láàárín eyín méjì bá ṣì dúró, dókítà lè bo gbòǹgbò náà tán. Bí àárín eyín bá ti ṣófo, tí ẹ̀fọ́ àti ẹran ń há síbẹ̀ nígbàkígbà téèyàn bá jẹun, kò sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta mọ́. Ọdún 1985 yẹn kan náà ni dókítà Miller pín àrùn yìí sí ipò mẹ́rin. Ó ní ipò kìíní àti ìkejì ṣeé bò tán, ìkẹta ṣeé bò díẹ̀, ìkẹrin kò ṣeé bò. Ẹni tó bá wà ní ipò kẹrin tí wọ́n sì ṣèlérí fún pé eyín rẹ̀ á padà bíi ti ọmọ ogún ọdún, kó dì owó rẹ̀ mú.

Èwo wá ni ti òkú? Òótọ́ ni. Awọ ènìyàn tó kú, tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, ni wọ́n ń fọ̀ ní Amẹ́ríkà títí kò fi sí ẹ̀yà ìwàláàyè kankan nínú rẹ̀ mọ́, tó kù kìkì okùn tó di awọ mú. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́ AlloDerm. Torí àwọn tí iná jó ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é ní àwọn ọdún 1990, kí àwọn dókítà eyín tó gbà á lò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọn ò ní la àjà ẹnu yín, bí eyín mẹ́fà bá sì ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹran àjà ẹnu lè má tó, ti inú páálí ò ní tán. Àwọn tó ń ṣe é ń yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn, a ò sì ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ náà jẹ́ òótọ́. Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ dà bí òwú funfun tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, ilé iṣẹ́ Geistlich ní Switzerland ló ń ṣe é, Mucograft lorúkọ rẹ̀. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti fa okùn inú rẹ̀ yọ. Èkejì ń jẹ́ Emdogain, òun kì í ṣe aṣọ. Oje tó dà bí ògì tó dì díẹ̀ ni, láti inú eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì hù jáde ni wọ́n ti rí i, àwọn onímọ̀ ní Sweden ló sì ṣàwárí rẹ̀. Wọ́n máa ń kùn ún sára gbòǹgbò kí wọ́n tó fa èrìgì bò ó, kí ara lè rántí bó ṣe máa ń di eyín mú.

Ibí yìí ni a ti fẹ́ bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mùsùlùmí pọ̀ ní Kétu. Àwọn ìdílé tí ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún láti ọ̀dọ̀ àwọn babańlá wọn náà wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọn ò ní gbà kí ohun tó bá ti ara òkú kàn wọ́n lẹ́nu. Orúkọ tó wà lára páálí kì í sọ fún ẹni tí kò kàwé ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí dókítà tó ṣí páálí, ó yẹ kó sọ ọ́ ní èdè Yorùbá tó já gaara: ara ẹlẹ́dẹ̀ lèyí ti wá, ara ènìyàn tó kú lèyí ti wá, ṣé ẹ gbà á? Kì í ṣe ìwé èdè Faransé tí ìyá kan máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ láìmọ ohun tó tẹ̀ lé lórí.

A kì í ṣe ààfáà, a ò sì ní dájọ́ nípa ohun tí ẹ̀sìn gbà tàbí kọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tó gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàyè sábà máa ń sọ pé torí pé nǹkan ká ènìyàn mọ́ ni, tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá lọ bi ààfáà rẹ̀ léèrè, kó rántí sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà: ẹran àjà ẹnu òun fúnra òun. Ọ̀pọ̀ ni kì í mẹ́nu ba apá yìí nígbà tí wọ́n bá ń béèrè, ó sì lè yí ìdáhùn padà.

Ọ̀kan tún kù, ẹ̀jẹ̀ ẹni. Dókítà kan ní Faransé, Joseph Choukroun, ló gbé e jáde lọ́dún 2001. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá aláìsàn, wọ́n á fi í sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, apá tó dì bí ẹ̀kọ á wá ya sọ́tọ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Kò sí òkú ńbẹ̀, kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ọgbẹ́ ní àjà ẹnu. A fẹ́ràn rẹ̀, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran àjà ẹnu, èrìgì tó ń fi sílẹ̀ kì í nípọn tó. Ọgbẹ́ ló ń tètè mú jinná.

Cochrane, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti fi wọ́n wé ara wọn, yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 2018. Wọ́n ní ti òkú, ti ẹlẹ́dẹ̀ àti oje inú eyín ṣeé lò, wọ́n ń bo gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá kí gbòǹgbò bò kí èrìgì sì tún lágbára, ẹran abẹ́ àjà ẹnu ló wà níwájú. Owó tí ẹ ń san lé ti inú páálí, ẹ kò san án torí pé ó dára jù. Ẹ ń san án torí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e, àti torí kí àjà ẹnu yín má baà ro yín. Ìrora náà kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń fi ẹnu polówó ọjà láti àárọ̀ dé alẹ́, a gbà. Kí wọ́n ṣáà sọ fún yín pé ohun tí ẹ ń rà nìyẹn.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí àbùlẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé kí ló lé èrìgì lọ.

Fún ọ̀pọ̀, ìdọ̀tí ni. Oúnjẹ àti kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ kúrò, itọ́ ẹnu ló ń sọ ọ́ di òkúta aláwọ̀ ìyeyè tàbí dúdú. Kò sí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó lè há a kúrò mọ́, àfi irin dókítà. Èrìgì tó bá fara kan òkúta yẹn á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun abẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tiẹ̀ máa ń yára ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń tu dànù láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu, tí ẹ ń pè ní pé orín ló gún yín, òun gan-an ni àmì àkọ́kọ́.

Fún àwọn mìíràn, ìmọ́tótó àṣejù ni, ìyẹn ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Búrọ́ọ̀ṣì líle tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ bí ayùn, orín gbígbẹ tí wọn ò rún orí rẹ̀ kó rọ̀, èédú àti yanrìn tí àwọn kan fi ń bó eyín kó lè funfun: gbogbo wọn ń há èrìgì jẹ. A ò bá orín jà o. Wọ́n ti yẹ orín àtá wò ní ibi ìwádìí, wọ́n sì rí i pé omi rẹ̀ ń bá kòkòrò ẹnu jà. Kí ẹ rún orí rẹ̀ títí tó fi rọ̀ bí òwú, kí ẹ sì máa fà á láti ìdí èrìgì wá sí orí eyín, kì í ṣe láti ọ̀tún sí òsì.

Aṣáà àti tábà ńkọ́? Ibi tí àwọn bàbá àti ìyá wa ń fi aṣáà sí láàárín ètè àti èrìgì, ibẹ̀ gan-an ni èrìgì ti máa ń kọ́kọ́ sá. Sìgá náà ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ẹ̀jẹ̀ àti àpáta. Amusìgá tó lọ ṣe àbùlẹ̀ tí kò sì fi sìgá sílẹ̀ ń febi pa ẹran tó fi owó lẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan àbùlẹ̀, ẹ lọ há eyín yín ná. Iṣẹ́ wákàtí kan tàbí méjì ni, kò ní abẹ nínú, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbùlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èrìgì wọn ò ní sá síwájú sí i mọ́ bí wọ́n bá ti há a, tí wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu padà. Èrìgì tó ti lọ ò ní fúnra rẹ̀ padà o, ṣùgbọ́n eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ díẹ̀, tí kò ta, tí kò mì, téèyàn ń tọ́jú, lè bá a dọ́jọ́ ogbó. Kò sí ohun tó ní kí àgbẹ̀ kan ní Idigny tàbí Adakplamè ta àgbàdo ọdún kan torí irú eyín bẹ́ẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ń ta á gidi, tàbí tí èrìgì rẹ̀ ṣì ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti há eyín, òun ni àbùlẹ̀ wà fún.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìjọba. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́dún 2022 fi hàn pé ní agbègbè Áfíríkà, dókítà eyín kan ló wà fún nǹkan bí 30,000 ènìyàn, nígbà tí gbogbo ayé lápapọ̀ ní bíi 3 fún 10,000. Pẹ̀lú irú ìṣirò yìí, ariwo ohun èlò tó ti Switzerland wá kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ẹnu wa. Ohun tí à ń bẹ ilé iṣẹ́ ìlera àti àwọn tó ń ṣàkóso ìlera ní agbègbè Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétu fún ni pé kí irin ìháyín àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò máa yí ká àwọn ìlú kéékèèké, kó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti jáde. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè há eyín, kó sì mọ ẹni tó yẹ kó darí sí Kútọnu. Ìrìn àjò tó ju kìlómítà 100 lọ yìí, kò yẹ kó jẹ́ torí ìdọ̀tí ìdí eyín lèèyàn ṣe ń rìn ín.

Àwọn tó ń gbé àpò kiri nínú ọjà náà, tí wọ́n ń fi irin kan ṣoṣo yọ eyín ogún ènìyàn láìsè é nínú omi gbígbóná, tí wọ́n sì ń ta ẹ̀tù tó ń sọ eyín di funfun, kí àwọn olórí ọjà bá wa dá sí tiwọn. Ẹ̀tù yẹn, ṣe ló ń lọ eyín bí ọlọ.

Ti àwọn ọmọdé yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Bí ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ ò le, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi, bá ní egbò lérìgì, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ẹ má dúró ra ẹ̀tù kankan, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ noma, àrùn tó ń jẹ ojú ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ dé, oògùn tó ń pa kòkòrò àti oúnjẹ tó dára ń wò ó.

Ẹ̀yin àgbàlagbà, ẹ wo ẹnu yín nínú dígí láàárọ̀ ọ̀la, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ há eyín. Bí gbòǹgbò bá ṣí sílẹ̀ tó sì ń ta yín lẹ́yìn tí ẹ ti há a, ẹ bi dókítà ipò tó wà nínú mẹ́rin tí Miller pín in sí, ohun tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ara kí ló ti bù ú, àti ìdí tí kò fi lo ti àjà ẹnu yín. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá sì ti ń mì, kó má dúró de ọjà tó ń bọ̀.